Aṣọ Yẹn Jáde ní Àwọ̀ Ewé

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò kàn mọ ibi tí n bá ti gbá a mú ni. Gbogbo ẹni tó bá lọ́mọ nílé ìwé ló mọ mẹ́sééjì tó máa ń já lu orí WhatsApp kíláàsì tí tẹ́ẹ̀mù bá ti ń parí lọ: ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ọmọ mú hándíwọ́ọ̀kì wá kó tó di Furaidé. Ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀, fúùtùmáàtì, èyí tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Kò sọ́mọ tó ń ṣe nǹkan kan. Ìyá á yà sí ọjà Kútọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á ra ìgbálẹ̀ kan, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó parí. Ìgbà tí mo lọ ra ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ìyá tó ń tà á bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ti ilé lẹ fẹ́ ni àbí ti school?" Mo ní kí ni ìyàtọ̀ wọn. Ó ní ti school tín-ín-rín, owó ẹ̀ ò sì tó ti ilé, torí kò sẹ́ni tó máa fi gbálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ọwọ́ mọ́ ìkùn, àfìgbà tí mo délé tí mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ọjà ti mọ̀ pé irọ́ la ń pa, ọjà tiẹ̀ ti gé irọ́ náà sí sáìsì tiwa.

Èyí tó wá dá kún un ni ìwé CCA (Cultural and Creative Arts, ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà) ọmọ yìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ lóyìnbó, ó há a sórí, ó sì gba máàkì lé e lórí, pé àdìrẹ jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di aṣọ kí wọ́n tó pa á láró. Abẹ́òkúta là ń gbé o! Kẹ̀kẹ́ kan ló máa gbé e dé Ìtòkú níbi tí wọ́n ti kó àdìrẹ jọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò tíì fọwọ́ kan òwú àdìrẹ rí láyé ẹ̀, àmọ́ ó ti yege nínú ẹ̀.

Garawa aró lábẹ́ igi máńgòrò

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ praimárì 5 nílé ìwé ìjọba kan níbí. Tísà kíláàsì ni, ìyẹn ni pé òun ló ń kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀, látorí ìṣirò dé sáyẹ́ǹsì dé CCA ọ̀hún. Ó pè mí pé òun fẹ́ gbé ìyá aláró kan wá láti Kémta, kí n wá bá òun dúró torí àwọn ọmọ pọ̀, apá òun nìkan ò ká wọn. Mo lọ torí ọ̀rẹ́, kì í ṣe torí pé mo ń retí nǹkan kan.

Ìyá gbé garawa tó ní ìdérí dé, ó ti bu aró sínú ẹ̀ láti inú ìkòkò ẹ̀ nílé. Aró elú gidi ni o, èyí tí wọ́n ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀, tí òórùn ẹ̀ máa ń ta síni nímú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi kọ́ọ́sítíìkì pò wéréwéré tí ò tiẹ̀ yẹ kó sún mọ́ ọmọdé rárá. Ìyá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lé garawa lórí, mo gbọ́ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọrin ní kúáyà ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Wọ́n pín tẹ́ẹ̀rù funfun tí wọ́n ti gé kéékèèké fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú òwú, òkúta wẹ́wẹ́ àti àgbàdo. Ìyá di ọ̀kan lójú wọn, ó tú u, ó ní ó yá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Wọ́n mú aṣọ dání, wọ́n ń wo Àǹtí lójú. "Àǹtí, mélòó la máa dì?" "Àǹtí, ṣé bó ṣe máa rí nìyí?" Ẹnìkan tiẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ yà á sí bọ́ọ̀dù ká wò ó kọ." Ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń dáhùn pé, "Mi ò mọ̀, o máa rí i tó bá jáde." Ká sòótọ́, àwọn ọmọ ò jẹ̀bi. Látìgbà tí wọ́n ti wọ praimárì 1 la ti ń sọ fún wọn pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀, tiwọn ni kí wọ́n dà á kọ kó má fì sí ọ̀tún kó má fì sí òsì, wọn ò kàn lè gbàgbé ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé e. Ó ká aṣọ tiẹ̀ sí méjì, ó tún un ká, ó wá di òkúta mẹ́ta mọ́ ọn. Bí àwọn tó kù ṣe rí i pé kò sẹ́ni tó nà án, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, òwú sì ń lọ́ mọ́ra wọn káàkiri.

Ìyá ló ń rì í bọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, apá ẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó fa aṣọ àkọ́kọ́ yọ, àwọ̀ ewé ló jáde, àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa jọ yẹ́lò. Ariwo ta. "Ó ti bàjẹ́!" "Àǹtí, wọ́n ti ba aṣọ ẹ̀ jẹ́!" Kí wọ́n tó pariwo tán, etí aṣọ ti ń yí padà. Gbogbo wa jọ ń wò ó, àwọ̀ ewé ń lọ, búlúù ń bọ̀, ó ń ti etí wọ àárín, nígbà tó ṣe díẹ̀ aró ló kù.

Ọmọbìnrin kan ní jùjú ni. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó lanu pé kóun dáhùn, ọ̀rẹ́ mi sì sáré sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná." Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, inú gbólóhùn yẹn ló wà. Ìyá mọ ìdáhùn, ó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà méjèèjì gbé ẹnu dákẹ́, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nínú àìmọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí àwa òbí àti tísà ò lè ṣe láéláé, torí tí ọmọ bá ti dákẹ́ bíi ká ṣẹ́jú lásán, a ti dáhùn fún un.

Ọ̀rẹ́ mi wá bi wọ́n pé kí ló yí i padà. Wọ́n ní oòrùn ni. Ẹlòmíì ní omi tó ń gbẹ lára ẹ̀ ni. Ẹnìkan ní atẹ́gùn. Ẹni tó ní jùjú ò yẹ̀, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ digbí. Ọ̀rẹ́ mi ní ó dáa, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó jàre? Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sáré wọ inú kíláàsì níbi tí oòrùn ò dé. Wọ́n gbé e wọlé, ó dúdú. Oòrùn bọ́ nínú ẹjọ́. Wọ́n yẹ òmíì wò tí omi ṣì ń kán tótó lára ẹ̀, òun náà ti dúdú, a jẹ́ pé kì í ṣe gbígbẹ. Ọmọkùnrin tó ká aṣọ yẹn ló wá lọ mú ọ̀rá wá, ó ní kí Ìyá ju tòun sínú ẹ̀ bó bá ṣe ń jáde, kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ dànù, kí wọ́n so ó pa. Wọ́n so ó. Wọ́n kó orí jọ lé ọ̀rá lórí. Àwọ̀ ewé ṣì wà lára tiẹ̀ nígbà tí ti àwọn tó kù ti dúdú tán. Wọ́n tú ọ̀rá, atẹ́gùn kàn án, ó di aró lójú gbogbo wọn.

Mo ti ṣe sáyẹ́ǹsì débi tí mo ṣe é dé nílé ìwé, mi ò rí ibi tí wọ́n ti fún wa láyè láti ṣe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn rí.

(Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: nínú ìkòkò, ọ́síjìn kì í ráyè kan aró elú, ìyẹn ló jẹ́ kó yọ́ sínú omi kó lè ráyè wọ inú òwú aṣọ. Tó bá jáde síta tí ọ́síjìn bá bá a, á di búlúù, omi ò ní lè yọ́ ọ mọ́, á há sínú òwú. Ìdí nìyẹn tí aláró fi máa ń rì í, á sá a sí atẹ́gùn, á tún rì í, títí táá fi dúdú tó bó ṣe fẹ́. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rẹ́ mi kó ìṣó tó ti dípẹtà wá sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n dárúkọ atẹ́gùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun ṣì máa fi omi kún ẹjọ́ yẹn.)

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ọmọkùnrin yẹn, òkúta mẹ́ta ló dì mọ́ ọn, òbìrìkìtì méjìlá ló bá níbẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó wá tún un ká bó ṣe ká a lákọ̀ọ́kọ́, ó ń fi ìka ka ìpele ẹ̀, mẹ́rin, ó ní "Àǹtí, mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta!" Ìyá ní kó wò ó dáadáa, àwọn tó wà nínú ò hàn bí àwọn tó wà níta, torí aró ò ráyè dé inú. Ó ní tó bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ hàn, kó má ká a nípọn jù lọ́jọ́ míì. Ọmọ yẹn ní òun á ká a sí mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fún un níṣẹ́ àmúrelé o.

Ìdáhùn tí ò tíì sí nílẹ̀

Ẹni tó bá ń polówó iṣẹ́ ọnà fún ilé ìwé máa ń sọ pé ó ń dá àwọn ọmọ lára yá, pé ó ń tú ọpọlọ wọn. Mi ò jiyàn. Àmọ́ bọ́ọ̀lù náà ń dá ọmọ lára yá, tẹlifíṣọ̀n náà sì ń dá wọn lára yá. Ohun tí mo rí lábẹ́ igi máńgòrò yẹn yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí aṣọ yẹn ṣe máa jáde, ìyẹn ló mú wọn dúró. Ìyá pàápàá ò mọ bí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí, torí ọwọ́ ọmọ ló dì í. Ọmọ pinnu nǹkan kan, ìpinnu ẹ̀ jáde síta lára aṣọ, ó sì rí i bó ṣe rí, yálà ó dáa tàbí kò dáa. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ìgbálẹ̀ Kútọ̀ ò lè fi nǹkan kan han ọmọ nípa ara ẹ̀, torí kò pinnu nǹkan kan lórí ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti "cultural day" náà gbọ́. Ẹ má bínú sí mi. Tísà á fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọ́ àwọn ọmọ ní ijó kan náà, ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé á gba ìkó, lọ́jọ́ náà wọ́n á wọ ìró àti bùbá, wọ́n á jó o láìṣì, a ó ná wọn lówó, a ó ya fídíò. Ó rẹwà, mo máa ń ya fídíò tèmi náà. Àmọ́ ìgbálẹ̀ náà ni. Tísà ló dá ijó yẹn, àwọn ọmọ kàn gbé e wọlé ni.

Àwọn ará Òṣogbo

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1962, Duro Ladipo, eléré tíátà tí òun náà jẹ́ tísà tẹ́lẹ̀, àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, sọ ilé ọtí kan tó jẹ́ ti Duro Ladipo ní Òṣogbo di ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo. Nígbà tó yá wọ́n ń ṣe wọ́kṣọ́ọ̀bù yíyàwòrán níbẹ̀, Denis Williams darí àwọn àkọ́kọ́, Georgina Beier darí ti 1964. Àwọn tó wá kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Jimoh Buraimoh ń bá ẹgbẹ́ tíátà Duro Ladipo ṣe iná mànàmáná, Muraina Oyelami ti bá wọn ta epo ní fílín rí, ijó ló gbé Twins Seven-Seven dé ibẹ̀. Wọn ò fi àwòrán kan síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó dà kọ, wọn ò kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ya àga kó lè jọ àga. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n fún wọn láyè, tí ẹnìkan bá ti kan nǹkan tó jẹ́ tiẹ̀, wọ́n á ní ibẹ̀ yẹn, máa lọ. Ẹ sì wò ó bí iṣẹ́ wọn ò ṣe jọra: ìlẹ̀kẹ̀ ni Buraimoh wá ń tò mọ́ àwòrán, Seven-Seven kó iwin àti ẹ̀mí inú àlọ́ kún tiẹ̀ fọ́fọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé ojú òyìnbó ló yan èyí tó dáa níbẹ̀, pé àwọn àlejò ni wọ́n ń yà á fún. Ó lọ́wọ́ òtítọ́ nínú, ẹni tó bá ń sọ pé "ibẹ̀ yẹn, máa lọ" ló mọ ibi tó fẹ́ kéèyàn lọ. Àmọ́ ti wọ́kṣọ́ọ̀bù ni mò ń sọ, kì í ṣe ti ọjà. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn ò sì ní ìdánwò tí wọ́n ń lé. Ti ọmọ praimárì 5 le ju ìyẹn lọ, torí ẹ̀rù máàkì ti wọ̀ ọ́ lára.

Èdè tí ẹjọ́ yẹn fi lọ

Nǹkan kan wà tí mi ò tètè kíyè sí. Gbogbo àríyànjiyàn aró yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ vernacular, àmọ́ bí aṣọ ṣe jáde ní àwọ̀ ewé, òfin yẹn fò lọ. Ọmọ tó lọ mú ọ̀rá wá yẹn, mo gbọ́ ọ nígbà tó ń ka ìwé òyìnbó, ó ń kólòlò. Níbi garawa, kò kólòlò rárá.

Bẹ́ẹ̀ a ti dán èyí wò. Láti 1970 ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan nílé ìwé Saint Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ láti praimárì 1 dé 6, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀, òyìnbó wá di sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan láàyè ara ẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní praimárì, ní 2025 wọ́n tún ní àwọn ti wọ́gi lé e. Mi ò ní dá ẹjọ́ ìyẹn níbí. Mo kàn ń sọ ohun tí mo gbọ́ pẹ̀lú etí mi ni, pé ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ti wọ inú nǹkan á bá ọ fi èdè tó yá a lẹ́nu jù jà.

Common entrance ńkọ́?

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyá ọmọ tí mo sọ yẹn, tiẹ̀ ní, "Àbúrò, aró ni wọ́n máa bi í nínú common entrance?" Rárá o. Àmọ́ wọ́n máa bi í ní ìpín, wọ́n máa bi í ní ìsọdipúpọ̀, wọ́n máa bi í ní ìdí tí irin fi ń dípẹtà. Mi ò sọ pé kí wọ́n máa gbé garawa wá lójoojúmọ́. Kò ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, aró yí yunifọ́ọ̀mù, òbí méjì ló wá jà lọ́jọ́ kejì torí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo dúró síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀bẹ̀ títí. Tísà tí ọmọ tó lé ní ọgọ́ta bá wà níwájú ẹ̀, tówó oṣù ẹ̀ ò sì tó nǹkan, ẹ má retí pé á máa ṣe èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìná kọ́bọ̀ ni àlọ́. Kì í ṣe kí tísà pa á tán kó bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ o, ìyẹn náà ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Kó dúró sáàárín. Kó gbé Ìjàpá dé ibi tí wàhálà ti dé, kó ní ó yá, ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ parí ẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ṣe tiwọn níwájú kíláàsì. Ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú ẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ kan fi Ìjàpá sínú ọkọ̀ lọ sí Èkó, ó lọ ń ta dátà.

Ta ló máa sanwó Ìyá?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Owó tí wọ́n fún Ìyá lọ́jọ́ yẹn, àpò ọ̀rẹ́ mi ló ti jáde, kò sì fi nǹkan kan ju owó ọkọ̀ lọ. Ìyá ò ní NCE, ìwé ẹ̀rí tísà, ilé ìwé ò ní ibi tí wọ́n lè kọ orúkọ ẹ̀ sí. Ẹni tó ní NCE tí wọ́n gbà pé kó kọ́ wọn ní àdìrẹ ò tíì di òwú kan rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: tísà ò mọ aró, Ìyá ò mọ bí wọ́n ṣe ń so aró mọ́ ìpín àti ìpẹtà, àfi kí wọ́n jọ dúró síbẹ̀.

Yunifásítì ti ṣe é ṣáájú praimárì. Lamidi Fakeye, agbẹ́gilére, kọ́ iṣẹ́ igi gbígbẹ́ lọ́wọ́ George Bandele ní ibi iṣẹ́ tí Fáàdá Kevin Carroll ń bójú tó l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, nígbà tó yá, Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á kó máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níṣẹ́ náà. Muraina Oyelami tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà kọ́ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba NCE.

Mo ti gbé e lọ sí mítìn PTA ilé ìwé ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní owó tí gbogbo wa ń ná sórí hándíwọ́ọ̀kì lópin tẹ́ẹ̀mù, ká kó o jọ, á tó gbé oníṣẹ́ ọwọ́ kan wá, ká sì san owó gidi fún un, alámọ̀ tàbí ahunṣọ tàbí onílù. Àwọn kan gbà. Bàbá kan ní tí àwọn ọmọ bá fi amọ̀ ba ilẹ̀ jẹ́ ńkọ́. Alága ní ká jẹ́ kó dúró ná di mítìn tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé n ó padà wá.